Agbága, Ẹni Tó Fi Àga Wọn Ìlú

Ọjọ́ tí ọ̀gá àgbà yí gbiri lórí òkè ni òkìkí Agbága kàn, nítorí náà ibẹ̀ ló yẹ ká ti mú ìtàn rẹ̀.

Ọ̀gá àgbà ni olórí gbogbo ọ́fíìsì tó ń ṣètò ìlú. Ó wá láti olú-ìlú lọ́jọ́ náà, bàtà rẹ̀ ń dán bí ojú dígí, ó wá wo ẹsẹ̀ òkè tí ìjọba fẹ́ tẹ ìlú tuntun dó sí. Odò tó wà ní àfonífojì nísàlẹ̀ kì í jẹ́ kí ìgbà òjò kan kọjá kó má wọlé tọ àwọn ará ibẹ̀, ìjọba sì ti pinnu pé kí wọ́n kó wọn gòkè. Agbága, tó ń ya àwòrán ilé àti ìlú fún ìjọba, ni wọ́n fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Àmọ́ ọ̀gá àgbà ti jókòó sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó ti fi rúlà fa ìlà kan lórí àwòrán, láti ìsàlẹ̀ òkè títí dé ọrùn rẹ̀, ó ní ẹ̀gbẹ́ ìlà náà ni àwọn ilé tó rẹwà jù yóò tò sí bí eyín lẹ́nu. Agbága ní ibẹ̀ dà gẹ̀rẹ́ jù. Ọ̀gá àgbà ní bí òun ṣe rí i lórí pépà, pẹrẹsẹ ni.

Agbága kò jiyàn. Ó yẹ kí ìyẹn ti fu ọ̀gá àgbà lára.

Ó ṣí bùútù ọkọ̀ rẹ̀, ó gbé àga onígi kan jáde, ó gbé e kọ́ èjìká gun òkè títí dé ibi tí ìlà ọ̀gá àgbà gbà kọjá. Ó gbé e kalẹ̀ sáàárín koríko, ó fi ọwọ́ nu eruku orí rẹ̀, ó sì tẹrí ba.

“Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó ní pálọ̀ yín.”

Ọ̀gá àgbà wo àga, ó wo àwọn òṣìṣẹ́ tó tẹ̀ lé e, ojú sì tì í láti kọ̀. Ó jókòó. Àga fì síwájú, ó fì sẹ́yìn, bí ẹni tó ń ro ọ̀rọ̀ kan lọ́kàn, lẹ́yìn náà ó pinnu. Ọ̀gá àgbà yí gbiri-gbiri, awò ojú lọ́tọ̀, bàtà kan lọ́tọ̀, títí igbó kékeré kan fi gbà á mọ́ra. Agbága na ọrùn láti òkè, ó sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá a sọ̀rọ̀: “Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Inú pálọ̀ lẹ ṣì wà o. Ilé ìdáná ṣì kù nísàlẹ̀.”

Obìnrin tó ń bá Agbága ya àwòrán ní ọ́fíìsì wà níbẹ̀. Ayàwòrán ni gbogbo èèyàn ń pè é, òun ló sì gbé àwòrán ìlú náà dání ní kíká. Nígbà tí ẹ̀rín fẹ́ pa á, kò rí ohun mìíràn ki bọnu ju etí àwòrán náà lọ. Ó ti ń ro ibi tí òun àti ọ̀gá rẹ̀ yóò ti wá iṣẹ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n ọ̀gá àgbà gun òkè padà wá, ó gbọn koríko kúrò lára, ó gba àwòrán náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo ìlà rẹ̀ títí, ó wá ní kí wọ́n pa á rẹ́. Ó tún ní kí ọ̀rọ̀ náà má jáde níbẹ̀. Gbogbo wọn ṣèlérí. Kí ọkọ̀ ọ̀gá àgbà tó dé olú-ìlú, dírẹ́bà rẹ̀ ti sọ ọ́ ní gbogbo ibi tí wọ́n ti dúró ra epo.

Kì í ṣe pé wọ́n bí àga mọ́ Agbága. Ìyàwó rẹ̀ ló fà á. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni ìyàwó náà, obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àmọ́ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣubú lulẹ̀. Ilé tí wọ́n ń gbé láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, Agbága fúnra rẹ̀ ló yà á. Ilé náà dára lórí pépà. Ìgbà tí wọ́n kó wọ ibẹ̀ tán ni wọ́n rí i pé fèrèsé ilé ìdáná dojú kọ fèrèsé balùwẹ̀ aládùúgbò tààrà, aládùúgbò náà kì í sì í kánjú wẹ̀. Nọ́ọ̀sì fara dà á títí. Lọ́jọ́ kan, ó gbé ìkòkò kalẹ̀, ó bi ọkọ rẹ̀ léèrè jẹ́jẹ́ pé ẹni tó ya ilé yìí, ṣé ó jókòó síbí rí ṣá.

Ọ̀rọ̀ náà wọ Agbága légungun. Láti ọjọ́ náà, kò ya ilé kankan mọ́ láìkọ́kọ́ gbé àga lọ sí ibi tí ilé náà yóò wà. Yóò jókòó láàárọ̀ kó lè mọ ibi tí oòrùn ń gbà yọ. Yóò jókòó lọ́sàn-án, yóò tún jókòó nírọ̀lẹ́, bí ẹni tí wọ́n ní kó máa ṣọ́ koríko. Ojúlé tó wà ní ìlú tuntun yẹn, kò sí èyí tí kò jókòó sí kí wọ́n tó gbẹ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ ẹsẹ̀ òkè ló sọ ọ́ ní Agbága. Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n ń sá fún un. Nígbà tó yá, àánú rẹ̀ ń ṣe wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn fa Ayàwòrán sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní òun mọ dókítà tó ń wo irú rẹ̀, pé bí wọ́n bá tètè mú un lọ, ó máa ń lọ láìfi àpá sílẹ̀.

Tó bá di ọ̀rọ̀ ìdúnàádúrà, Agbága kò lẹ́gbẹ́. Ohun tí àwọn èèyàn kì í ná ló máa ń ná. Ó ń ná fífẹ̀ ọ̀nà, ó ń ná gíga ògiri, ó ń ná ọjọ́ tí bíríkìlà ní òun yóò parí iṣẹ́. Wọ́n ní nígbà tí bàbá ìyàwó rẹ̀ béèrè pé ìgbà wo ni òun yóò gbé ọmọ-ọmọ jó, ó ní kí bàbá kọ́kọ́ sọ tiwọn, kí àwọn wá jọ wò ó.

Ẹsẹ̀ òkè yìí ló ti pàdé ẹni tó jù ú lọ. Opó kan ló ni ilẹ̀ tí ọ̀nà ńlá ìlú yóò gbà, òkúta pẹrẹsẹ kan sì wà láàárín ilẹ̀ náà, tó gbòòrò bí àgbàlá. Orí rẹ̀ ni obìnrin náà máa ń sá aṣọ sí, orí rẹ̀ ló sì máa ń jókòó sí nírọ̀lẹ́. Ìyá Olókùúta ni wọ́n ń pè é. Àwọn òṣìṣẹ́ fẹ́ fọ́ òkúta náà. Ìyá Olókùúta kó aṣọ tó tutù sórí rẹ̀, ó sì jókòó sáàárín wọn. Agbága wá, ó gbé àga tirẹ̀ kalẹ̀ lójú kojú pẹ̀lú rẹ̀, ìdúnàádúrà sì bẹ̀rẹ̀. Agbága ní ìjọba yóò fún un ní ilẹ̀ mìíràn. Ìyá Olókùúta ní ilẹ̀ òun wu òun. Agbága ní ọ̀nà náà yóò wúlò fún obìnrin náà pàápàá. Obìnrin náà ní ẹsẹ̀ òun mọ ọ̀nà àtijọ́. Nígbà tí oòrùn ti ń wọ̀, obìnrin náà bi í ní ìbéèrè kan.

“Ọ̀gá, nínú òkúta mi àti ọ̀nà yín, èwo ni àlejò?”

Agbága ronú. Ó ní ọ̀nà ni.

“Ṣé onílé ló ń yà fún àlejò ni?”

Agbága dìde, ó gbé àga rẹ̀ kọ́ èjìká, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó rí ohun tó ti ń wá. Ó padà sí ọ́fíìsì, ó ní kí Ayàwòrán tẹ ọ̀nà náà kọ́lọkọ̀lọ yí òkúta ká. Ó sì ń yangàn. Ó ní obìnrin yẹn le, pé apá òsì ló fẹ́ kí ọ̀nà yà sí, àmọ́ òun fi àáké kọ́rí, ó di apá ọ̀tún dandan. Nígbà tí Ayàwòrán lọ kan èèkàn ọ̀nà náà mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ kejì, Ìyá Olókùúta fún un ní omi tútù mu, ó ní kó bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ní, apá ọ̀tún lòun ń fẹ́.

Nígbà tó yá, ìlú parí, kò wá sí ará ìlú. Ilé tò lọ rẹrẹ, ilẹ̀kùn tuntun, òrùlé tuntun, kọ́kọ́rọ́ so jọ sínú àpótí ní ọ́fíìsì, kò sì sẹ́ni tó wá gbà á. Àwọn ará àfonífojì ní ibẹ̀ jìnnà. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń súfèé. Wọ́n ní odò ni àwọn mọ̀, àwọn ò mọ òkè, pé omi tó ń wọlé tọni lọ́dọọdún ti di mọ̀lẹ́bí. Olú-ìlú ránṣẹ́ pé bí òjò tó ń bọ̀ bá bá àwọn ilẹ̀kùn náà ní títì, àwọn yóò fi àwọn ilé ṣe ibi ìkó-sìmẹ́ǹtì-sí, kí gbogbo ètò náà sì parí síbẹ̀.

Agbága délé, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé àwọn méjèèjì ló máa kọ́kọ́ kó lọ. Nọ́ọ̀sì ń ká aṣọ lọ́wọ́. Ó ní òun ti gbọ́, pé ta ló máa bá a gbé ibẹ̀. Ìdúnàádúrà tó tẹ̀ lé e, inú ilé ló ti wáyé, ṣùgbọ́n fèrèsé ṣí sílẹ̀, aládùúgbò sì wà ní balùwẹ̀, ìdí nìyẹn tí ayé fi gbọ́ ọ. Nọ́ọ̀sì ní òun á lọ bí ilé ìwòsàn bá ti wà níbẹ̀ kí òun tó dé. Agbága ní ilé ìwòsàn wà nínú ètò, ìparí ló wà, lẹ́yìn ọgbà ìsinmi àti àwọn bẹ́ǹṣì tí èèyàn á ti máa wo òkè.

“Ta ló ń bímọ sórí bẹ́ǹṣì?” ni Nọ́ọ̀sì wí, ó sì ń ká aṣọ rẹ̀ lọ.

Bí ilé ìwòsàn ṣe gba ọ́fíìsì wọn ní ìlú tuntun nìyẹn, nítorí kò sí ilé mìíràn tó ní yàrá tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Agbága kó tábìlì jáde sábẹ́ tàpólì, ó ní afẹ́fẹ́ á dára fún iṣẹ́. Ayàwòrán ń fi òkúta tẹ igun pépà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́lẹ̀ kó tó lè fa ìlà kan. Ìgbà kan wà tí afẹ́fẹ́ gbé àwòrán ilé ìwé lọ. Ọwọ́ àgbẹ̀ kan ni wọ́n ti rí i gbà, ó ti fi pọ́n iṣu. Agbága bi àgbẹ̀ náà bóyá ó rí àṣìṣe kankan nínú rẹ̀.

Ẹni àkọ́kọ́ tó gòkè wá ni aránṣọ kan tí oyún rẹ̀ ti wọ oṣù. Ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ dání, ìyá rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn, ìyá ọkọ rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Ó ní kí wọ́n má ṣì òun mú o, pé òun kò wá gbé, òun wá bímọ ni. Ó bímọ, Nọ́ọ̀sì ní kó sinmi díẹ̀. Ó sinmi, ó ní kí òun rán aṣọ ọmọ tán. Ó rán aṣọ ọmọ tán, ìyá ọkọ rẹ̀ ti gbin ẹ̀fọ́ sẹ́yìn ilé. Àbúrò rẹ̀ wá kí i, kò padà. Àwọn aboyún mìíràn gbọ́, wọ́n ń gòkè bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọkọ wọn sì ń tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú ẹrù lórí àti ìkùnsínú lẹ́nu. Agbága ń rìn kiri, ó ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá dúró pé ìran òkè ló fà wọ́n wá. Nọ́ọ̀sì ò ráyè tirẹ̀. Ó ń gbẹ̀bí lọ́wọ́.

Òjò ọdún náà kò ṣeé fi ẹnu sọ. Odò kún, ó wọ ilé, ó gun fèrèsé, àwọn tó kù ní àfonífojì sì rọ́ gòkè wá pẹ̀lú tìmùtìmù lórí àti ọmọ lẹ́yìn. Agbága dúró sẹ́nu ọ̀nà ìlú nínú òjò, àpótí kọ́kọ́rọ́ wà lábẹ́ apá rẹ̀, ó ń pín in bí ẹni pín gúgúrú. Kò bi ẹnikẹ́ni lórúkọ. Ayàwòrán tó dì mọ́ agbòòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ rí i pé nígbà tí àpótí ṣófo, tí ìdílé kan ṣì kù, ó ki ọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò, ó fún wọn ní kọ́kọ́rọ́ ilé tirẹ̀. Òun àti Nọ́ọ̀sì sùn sí ilé ìwòsàn láàárín àwọn ọmọ tuntun. Ó ní òun kò tíì rí àwọn aládùúgbò tó kéré tó báyìí tí ohùn wọn sì tóbi tó bẹ́ẹ̀.

Nínú òjò yìí kan náà ni ẹ̀gbẹ́ òkè ya, tí ẹrẹ̀ àti òkúta sì wọ́ wá sílẹ̀. Kò kan ilé kankan. Ibi tí ìlà rúlà ọjọ́sí ìbá gbà kọjá ló dà sí. Gbogbo ìlú ń retí pé Agbága yóò fọ́nnu, ó kúkú lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ó kàn ní kí wọ́n bá òun kí ọ̀gá àgbà dáadáa, kí wọ́n sọ fún un pé pálọ̀ rẹ̀ ti dọ̀tí.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé kì í ṣì í ṣe o. Òun ló ní gbogbo ilé gbọ́dọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ fífẹ̀ níwájú, kó dojú kọ òkè, kí èèyàn lè máa gbádùn ìran. Ó ti fi àga wò ó, ó ní ibẹ̀ tura. Ìgbà ooru ló jókòó síbẹ̀. Nígbà tí ọyẹ́ dé, afẹ́fẹ́ òtútù ń sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè bí ẹni tí wọ́n ránṣẹ́ pè, ó ń gbé ife kúrò lọ́wọ́ èèyàn. Gbogbo ìlú kó ìjókòó lọ sẹ́yìnkùlé. Wọ́n rán aránṣọ sí i pé kó gbà pé òun ṣi ìdí ilé gbé síwájú. Agbága ní rárá, pé àwọn èèyàn ni kò mọ ìran wò. Lọ́jọ́ kejì, aránṣọ kọjá lẹ́yìnkùlé rẹ̀, ó bá a lórí àga níbẹ̀, ó fi aṣọ bo orí. Agbága ní òun kàn ń yẹ ẹ̀yìn ilé wò ni. Ó yẹ̀ ẹ́ wò títí ọyẹ́ fi lọ.

Nígbà tí àìsàn dé, ọkàn rẹ̀ ló kọ́kọ́ rẹ̀. Dókítà tó ń wá sí ilé ìwòsàn náà ní kò gbọ́dọ̀ gun òkè mọ́. Agbága ní ó dáa, àmọ́ ibo ni òkè ti bẹ̀rẹ̀. Dókítà ní láti ilé ìwé lọ sókè. Agbága ní láti ilé omi tó wà lókè pátápátá. Wọ́n ná an títí, wọ́n parí rẹ̀ sí ojúlé aránṣọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ayàwòrán rí i tó ń rọra gòkè pẹ̀lú ọ̀pá, ó dé iwájú ilé aránṣọ, ó dúró, ó fi orí ọ̀pá kan ilẹ̀ níwájú díẹ̀, ó sì yí padà. Ó ní òun kò yẹ àdéhùn rí láyé òun, ọ̀pá ni dókítà ò dárúkọ.

Ọ̀sán ọjọ́ kan tí oòrùn ò mú ni ó kú, nínú yàrá tó ti jẹ́ ọ́fíìsì rẹ̀ rí. Nọ́ọ̀sì ló pa á lójú dé. Agbága ni ẹni àkọ́kọ́ tó kú ní ìlú náà. Títí di ọjọ́ yẹn, ìbí nìkan ni wọ́n ń bí níbẹ̀.

Wọ́n na àwòrán ìlú sílẹ̀ kí wọ́n lè mọ ibi tí itẹ́ òkú wà. Wọ́n wò ó lókè, wọ́n wò ó nísàlẹ̀. Agbága ya ilé ìwé, ó ya ọjà, ó ya pápá, ó ya ibi tí àwọn arúgbó á ti máa yá oòrùn. Kò ya itẹ́ òkú. Ayàwòrán kúkú mọ̀. Ó ti bi í rí, Agbága ní kí àwọn èèyàn kọ́kọ́ wá gbé ná. Nígbà tó tún bi í, Agbága bi òun náà bóyá ó mọ ẹnì kan tó ń kánjú.

Òfin ò gbà kí wọ́n sin òkú sí àgbàlá ilé, nítorí náà wọ́n pe ìpàdé sí ilé ìwé. Wọ́n jókòó sórí ìjókòó àwọn ọmọdé, orúnkún wọn kan àgbọ̀n. Ẹnì kan ní kí wọ́n sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, òmíràn ní bọ́ọ̀lù á máa lù ú. Ẹnì kan ní ẹ̀gbẹ́ ọjà, wọ́n ní á máa dá sí ọ̀rọ̀ wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n tún bá ara wọn jà díẹ̀. Níkẹyìn, ọkùnrin kan ní ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí wọ́n gbé e lọ sí itẹ́ òkú àtijọ́ ní àfonífojì. Aránṣọ ló dìde, ọmọ rẹ̀ tó ti ń lọ sílé ìwé dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

“Ẹni tó kó wa gòkè, àwa náà la fẹ́ gbé e sọ̀kalẹ̀?”

Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ àfonífojì.

Nọ́ọ̀sì àti Ayàwòrán ló lọ wá ibẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Wọ́n rìn kọjá àwọn ilé tó kẹ́yìn. Ayàwòrán fi ọwọ́ hàn án níbi kan tó rọlẹ̀, tó dákẹ́ dáadáa. Nọ́ọ̀sì mi orí. Ó rìn síwájú díẹ̀, ó dúró sábẹ́ igi mélòó kan. Ilé ìwé wà ní ìsàlẹ̀ ibẹ̀, àwọn ọmọ sì ti jáde fún ìsinmi, ariwo wọn ń gòkè bọ̀ bí èéfín.

“Ibí dára,” ni Nọ́ọ̀sì wí. “Kò fẹ́ràn ibi tó bá dákẹ́.”

Wọ́n sin ín síbẹ̀. Lẹ́yìn tí gbogbo èèyàn ti sọ̀kalẹ̀, Ayàwòrán padà sí ẹnu iṣẹ́, ó na àwòrán ìlú sórí tábìlì, ó pọ́n pẹ́ńsùlù. Ó ya igun mẹ́rin kékeré kan sókè àwọn ilé tó kẹ́yìn, ó sì fa ọ̀nà kan dé ibẹ̀. Ó rí i pé ọ̀nà náà ti fẹ̀ jù. Ó gbé pẹ́ńsùlù dúró díẹ̀, bí ẹni tó ń retí pé kí ẹnì kan bá òun jiyàn. Ó wá fi ọ̀nà náà sílẹ̀ bó ṣe fẹ̀ tó, kó lè gba gbogbo àwọn tí yóò máa lọ kí i.